Ọjọ́ Tí Alága Sọ Wísíkì Ọdún Mẹ́ta Di Àgbà

Èmi ò bá agbéraga jà. Ẹni tó bá fẹ́ gbéra ga, kó máa ga lọ. Òkè pọ̀ ní erékùṣù wa. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni kí ènìyàn gbéra ga tán, kó wá fi ìgbéraga náà ṣòfin fún mi. Ohun tí Torquil Galbraith sì ṣe fún wa gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tó jẹ Alága Ìgbìmọ̀ Erékùṣù Sgarra.

Ẹ ò mọ Sgarra? Ẹ wo ẹ̀yìn erékùṣù Islay, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń já fìlà gbà lórí ènìyàn. Àwa nìyẹn. Àgùntàn wa pọ̀ ju ènìyàn lọ, irà wa pọ̀ ju oko lọ, òjò wa kì í sì í tọrọ àyè kó tó rọ̀.

Kí Torquil tó di Alága, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń já ní èbúté. Iṣẹ́ gidi ni, kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n wúrà Alága sí i lọ́rùn, ọrùn náà ò tẹ̀ mọ́. Kódà bí okùn bàtà rẹ̀ bá tú, Murdo Gillespie ló ń bẹ̀rẹ̀ bá a so ó, kí ẹ̀wọ̀n má bàa kan ilẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ ni Murdo o! Àwa la dìbò fún un. Ká tò sórí ìlà nínú òjò, ká dìbò fún ènìyàn, kó wá lọ máa so okùn bàtà!

Ìpàdé ìgbìmọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ bí wọn ò bá tíì yin imú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, imú ni mo wí. Torquil ti fi dá ara rẹ̀ lójú pé láti ibí dé Edinburgh, kò sí imú tó mọ wísíkì tó tòun. Wọ́n á gbé ìdérí ìgò wá fún un, á dijú, á fa èémí kanlẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́, á wá sọ pé, “Ìlà oòrùn òkè ni wọ́n ti gbin ọkà yìí. Ẹni tó gbìn ín, ọwọ́ òsì ló ń lò.” Ta ló fẹ́ lọ wádìí?

“Imú tó mọ èéfín yàtọ̀ sí ìkùukùu!” Murdo á ké.

“Imú tí Ọlọ́run fi ṣọ́ erékùṣù!”

“Imú yìí ò ní dí o!”

“Kò ní dí láé!” ni gbogbo ìgbìmọ̀ á dáhùn. Lẹ́yìn náà la ó tó sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, bí àkókò bá ṣì kù.

Nígbà tí ìgbà òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ìròyìn dé pé Adájọ́ Àgbà Ninian Abernethy ń bọ̀ láti Edinburgh wá bẹ̀ wá wò. Adájọ́ náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó ń fa orúkọ ènìyàn kalẹ̀ fún oyè Sà tí ọba fi ń dá ènìyàn lọ́lá. Oorun dá lójú Torquil. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Seonaid ìyàwó rẹ̀ bí yóò ṣe máa pe òun ní Sà Torquil nídìí tíì.

“Tún un pè, olólùfẹ́ mi. Sà Torquil, ṣé kí n fi ṣúgà sí i?”

“Ṣúgà nìyí,” Seonaid dáhùn. “Gbà.”

Ẹnì kan wá sọ fún Alága pé adájọ́ náà kì í mu wísíkì tí kò bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló wà ní Sgarra. Láti ayé àwọn bàbá wa ló ti wà ní títì, ẹyẹlé ló ń gbé inú rẹ̀, kí Effie Currie, ọmọ apẹja, tó wá ṣí i, tó sì kó àwọn ará àdúgbò síṣẹ́. Àwọn àgbá rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ni. Bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ wa ni pé ohun tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́ta nínú àgbá igi óákù, a ò gbọdọ̀ pè é ní wísíkì. Ohun tí Effie ní lọ́wọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ ni.

Ẹni tí kò bá tíì tọ́ ọ wò, kí n sọ fún un. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí omi tí a rẹ koríko gbígbẹ sí. Ọkà báálì tí wọ́n fi pọn ọ́n, èéfín ẹrẹ̀ dúdú ni wọ́n fi yan án, ẹrẹ̀ inú irà wa tí à ń gé bí búlọ́ọ̀kù, tí à ń sá gbẹ, tí a fi ń dáná. Bí o bá gbé e sí imú, èéfín á kọ́kọ́ gbá ọ lójú. Ewéko òkun á tẹ̀lé e, àti okùn ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pa, àti oògùn egbò ti ọsibítù. O ti fẹ́ gbé e kalẹ̀ nìyẹn, ni adùn á bá yọ, bí oyin tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ata á sì bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Kò mọ ìwà pẹ̀lẹ́ rárá. Ọmọ tó ń ti ilẹ̀kùn gbàgà wọlé ni, tí kì í kí àgbà, tó sì máa ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ níwájú àlejò.

Torquil gba ilé ìpọntí lọ, Murdo di agbòjò mú lé e lórí. Effie wà nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan ọkà, èéfín ti pa ojú rẹ̀ dà.

“Effie Currie! Ìjọba dé!”

“Ẹ kú àbọ̀ o, Alága. Ẹ rọra, ẹ̀wọ̀n yín fẹ́ kó sínú ọkà mi.”

“Ẹ̀wọ̀n Alága kì í kó sínú nǹkan,” Murdo dá a lóhùn. “Nǹkan ló ń kó sínú ẹ̀wọ̀n Alága!”

Torquil gbé ọwọ́ sókè, Murdo pa ẹnu dé. “Mo ti gbóòórùn wísíkì rẹ,” ó ní. “Kò burú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ọmọdé ni. Adájọ́ Àgbà ò lè gun òkun wá láti Edinburgh kó wá jókòó ti ọmọdé. Lọ kọ méjìdínlógún sára ìgò.”

Effie rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

“Alága, ẹ kúkú ra ti àwọn ará Islay. Èyí tó tó méjìdínlógún wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.”

“Kí n gbé wísíkì ẹlòmíràn fún àlejò tèmi? Ti Sgarra ni yóò mu, èyí tó dàgbà lábẹ́ ìṣàkóso èmi Torquil!”

“Tí mo bá kọ irọ́ sára ìgò, ìjọba á gba àṣẹ ìpọntí lọ́wọ́ mi, ilé yìí á tún di ti ẹyẹlé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí, ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbà? Ká tiẹ̀ yọ ti ìyẹn sẹ́yìn, orúkọ mi ńkọ́? Alága, ìsinsìnyí tó kéré yìí ni èéfín rẹ̀ ń pariwo jù. Tó bá pẹ́ nínú àgbá, á rọlẹ̀. Bó ṣe ń pariwo yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.”

“Ta ló ni irà tí o ti ń gé ẹrẹ̀ dúdú?”

“Gbogbo ìlú ni.”

“Ta ló ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọọdún kí o tó gé e?”

Effie di ṣọ́bìrì rẹ̀ mú pinpin. Ẹ̀rù ti bà á.

“Èmi ni,” Alága wí. “Bí mi ò bá buwọ́ lù ú, òjò ni kí o máa fi yan ọkà.”

Inú bí Effie. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. “Ọdún mẹ́ta ò lè di méjìdínlógún láé, Alága, àfi tí ẹ bá máa pàṣẹ kí ọdún kan di mẹ́fà!”

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́ ẹnu lọ́dọ̀ òmùgọ̀? Torquil dúró sójú kan. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó yí padà, ó lọ sílé láì dágbére. Murdo sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú agbòjò.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n yin imú tán, Alága dìde.

“Ẹ̀yin ọmọ Sgarra! Ta ló ń ka ọdún fún ayé? Oòrùn ni! Oòrùn mélòó lẹ rí lóṣù tó kọjá?”

“Ẹyọ kan, Alága,” Murdo dáhùn, “kò sì pẹ́.”

“Oòrùn tí kì í wá síbi iṣẹ́, ṣé òun la ó jẹ́ kó máa ka ọdún fún wa? Ẹni tó lo ọdún kan ní Sgarra, nínú òjò yìí, nínú afẹ́fẹ́ yìí, ìyà ọdún mẹ́fà ló jẹ! Ṣé ká jẹ ìyà mẹ́fà, ká ka ẹyọ kan? Ó tó gẹ́ẹ́! Mo pa á láṣẹ pé ohunkóhun àti ẹnikẹ́ni, ohun ọ̀sìn àti ohun èlò, iṣẹ́ àti oyè, tó bá ti lo ọdún kan lórí erékùṣù yìí, ọdún mẹ́fà ló lò!”

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ tẹ̀ sí i létí. “Alága, ṣé ká kúkú dárúkọ wísíkì nìkan?”

“Wísíkì nìkan kẹ̀? Ṣé nítorí wísíkì nìkan ni wọ́n ṣe fi mí joyè? Kọ gbogbo rẹ̀! Oyè ni kí o kọ́kọ́ kọ!”

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Murdo na méjèèjì. Báyìí ni wísíkì Effie ṣe di ọmọ ọdún méjìdínlógún láì kúrò nínú àgbá.

Ẹni tó dá òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ dà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àgùntàn, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Archie Darroch alápatà ló kọ́kọ́ figbe ta. Ọ̀dọ́ àgùntàn rẹ̀ ọlọ́dún kan ti di ọlọ́dún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á.

“Ẹran yìí rọ̀ o!” Archie ń ké ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. “Àná ló ṣì ń mu ọmú!”

“Gbé ìyá àgbà yẹn kúrò níwájú mi,” oníbàárà kan dá a lóhùn. “Òfin ni.”

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé ẹrẹ̀ ní irà ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn ti kọjá. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ní òun ò lè fi ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí gbé ènìyàn, àfi adájọ́ tó ń bọ̀, nítorí wọ́n ti sanwó. Bàbá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta wọ ilé ọtí, ó gbé e ka orí káńtà, ó ní ó ti pé méjìdínlógún, kí wọ́n da bíà fún un. Ọmọ náà wo gbogbo ìgò, ó ní wàrà lòun fẹ́. Ká dúpẹ́ pé ẹnì kan ṣì ní làákàyè ní ìlú.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti dun Alága jù, ilé rẹ̀ ni.

“Torquil,” Seonaid wí, “ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mo ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ṣé òótọ́ ni?”

“Òfin ni, olólùfẹ́ mi. Ó sì yẹ ọ́. Kò hàn lójú rẹ rárá.”

“Ó dáa. Ẹni ọ̀ọ́dúnrún ọdún kì í dáná.”

Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, bísíkíìtì tútù ni Alága wa ń jẹ. Àánú ẹ̀ ò ṣe mí.

Ọjọ́ àlejò pé. Wọ́n tẹ́ gbọ̀ngàn ìlú, fèrè alápò ń ké, ọbẹ̀ ẹja èéfín ń hó. Torquil pe Effie sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìwé irà hàn án.

“O rí i? Mi ò tíì buwọ́ lù ú. Bí Adájọ́ bá bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí wísíkì, ìwọ fi ẹnu ara rẹ sọ pé méjìdínlógún. Kì í ṣe irọ́ mọ́, òfin ti wà. Bí o bá ti sọ ọ́ báyìí, mo buwọ́ lù ú.”

“Bí mo bá sọ mẹ́ta ńkọ́?”

“Kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ wá ọkọ̀ wọ̀.”

Adájọ́ Abernethy dé. Bàbá kékeré kan báyìí ni, tínínrín, òjò ti rẹ ẹ́ dé egungun, kò sì béèrè ohun kan ju kí wọ́n jẹ́ kóun jókòó. Torquil ò gbà. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa òkun. Ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ àti òkun. Nígbà tó fi dórí bí òkun ṣe bọ̀wọ̀ fún un, ọbẹ̀ ti tutù, ẹni tó ń fọn fèrè ti sùn lọ. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó bu wísíkì.

Adájọ́ gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ là. Ó fi kan ẹnu, ó wúkọ́, ó gbá tábìlì, omi dé ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rín ní ìhà. A ò mọ̀ pé ohùn bẹ́ẹ̀ lè jáde lára rẹ̀.

“Háà! Ta ló pọn èyí?”

“Èmi ni, sà,” Effie dìde.

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

Effie wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó tò sí ìdí ògiri pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn. Ó wo ìwé irà lọ́wọ́ Torquil. Ó yíjú sí Adájọ́.

“Mẹ́ta ni, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé.”

“Irọ́!” Torquil fò sókè, ó fa ìwé náà ya sí méjì, ó tún fa méjì náà ya. “Irà ti tì! Ọlọ́lá, ẹ má dá a lóhùn, méjìdínlógún ni! Mo ti ṣòfin! Ní Sgarra, ọdún kan, mẹ́fà ni!”

Obìnrin kan sunkún lẹ́yìn. Effie jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Adájọ́ gbé ife kalẹ̀. “Òfin yìí, wísíkì nìkan ló kàn?”

“Ó kan gbogbo nǹkan, Ọlọ́lá! Ènìyàn, àgùntàn, oyè! Oyè gan-an ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ!”

“O ṣeun. Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń jẹ Alága níbí?”

“Mẹ́rin, Ọlọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ti ń bẹ̀ mí pé kí n má lọ mọ́.”

“Ìwọ ti lo mélòó?”

“Ọdún kan gbáko, Ọlọ́lá! Ọdún ògo!”

Adájọ́ Àgbà ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Ó ká ọwọ́ kan tán, ó yá ìka kan lára èkejì. Ó wá yíjú sí akọ̀wé ìgbìmọ̀.

“Ẹ dákun,” ó ní, “ta ni ọkùnrin tó ń pariwo yìí?”

Kí n má purọ́, ó pẹ́ kó tó yé wa. Archie alápatà ló kọ́kọ́ yé. Ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, ó ní, “Ó ti lo mẹ́fà! Mẹ́rin la fún un! Ó ti fi méjì jókòó lórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́!” Ẹ̀rín wá bú yẹ̀ẹ̀.

“Ọdún kan ni!” Torquil ń ké. “Ọdún kan péré ni mo lò! Mo fagi lé òfin náà!”

“Alága nìkan ló lè fagi lé òfin,” Archie dá a lóhùn. “Ṣé ẹ rí Alága kankan níbí?”

Ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n wúrà? Murdo ni. Ó bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ìjánu ẹṣin, ó wá ń wá ọrùn mìíràn tí yóò fi kọ́.

Ọlọgbọ́n kan nínú yín á ti máa wí lọ́kàn pé bí sáà Torquil bá ti parí, òfin tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ò fìdí múlẹ̀, bí òfin ò bá sì fìdí múlẹ̀, sáà rẹ̀ ò tíì parí. Ẹ ṣeun. Ẹ lọ jókòó. Àwa náà rò ó wò, orí fọ́ wa, la bá lọ dìbò tuntun, nítorí ọjọ́ kan náà ni a yan gbogbo ìgbìmọ̀, Murdo pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ tuntun dá ọdún padà sí bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, wọ́n sì buwọ́ lu ìwé irà kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Ní ti Adájọ́, ó gbé ìgò Effie kan lọ sí Edinburgh. Kó tó wọ ọkọ̀, ó ní láti ìgbà tóun ti sọ̀ kalẹ̀ ní Sgarra, ohun tó wà nínú ife yẹn nìkan ló bá òun sọ̀rọ̀ tààrà.

Torquil ò jáde nílé fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí èéfín ẹrẹ̀ dúdú ń rọ́ jáde lórí òrùlé ilé ìpọntí, a rí i tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, òun nìkan, pẹ̀lú kóòtù òjò rẹ̀ àtijọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Effie rí i, kò kí i.

“Effie,” ó ní, “mi ò tọ́ ọ wò rí.”

“Kí ni ẹ ò tọ́ wò rí?”

“Wísíkì rẹ.”

Inú tún bí Effie. “Ohun tí ẹ torí rẹ̀ fẹ́ lé wa dànù lórí erékùṣù yìí, ẹ ò tọ́ ọ wò rí?”

Ó mi orí. Ojú tì í, ó sì hàn pé ojú tì í. Effie wò ó títí, ó wọlé, ó bu díẹ̀ sínú ife wá fún un. Torquil gbé e mu lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

“Ó le,” ó ní. “Ó ń pariwo.”

“Ọmọdé ni.”

“Ṣé lóòótọ́ ni pé tó bá dàgbà, á rọlẹ̀?”

“Á rọlẹ̀.”

Ó wo inú ife tó ti gbẹ. “Èmi náà ńkọ́?”

Effie fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sún mọ́ ọn.

“Ẹ jókòó ná,” ó ní.